Babańlá ọkọ mi wá láti Írẹ́lándì, ṣùgbọ́n abúlé wo gan-an?

ÌyàwóSullivan

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, òyìnbó Amẹ́ríkà ni ọkọ mi. Seattle là ń gbé, ṣùgbọ́n Butte ní ìpínlẹ̀ Montana ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣì wà. Sullivan ni wọ́n ń jẹ́. Tí ẹ bá bi ọkọ mi pé ọmọ ibo ni, á ní ọmọ Írẹ́lándì làwọn. Ó tán. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta fún un, bí mo bá sì fẹ́ kì wọ́n láàárọ̀, ti Ìjẹ̀bú nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi. Ṣebí àwa obìnrin ilé la máa ń mọ oríkì ilé ọkọ ju àwọn ọmọ bíbí inú ilé lọ? Kí wá ni kí n mú kì? Ọmọ Írẹ́lándì, ọmọ erékùṣù? Bí ẹnìkan bá ní ọmọ Nàìjíríà lòun, ṣé a ti mọ agboolé rẹ̀ nìyẹn?

Gbogbo ohun tí mo rí kó jọ rèé. Ẹni tó ré òkun kọjá wá, bàbá bàbá bàbá ọkọ mi, Jeremiah ni orúkọ rẹ̀. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1900 ní ọdún 1882 ló wọlé. Ti 1910 ní 1880 ni. Nínú méjèèjì, níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí wọ́n bí i sí, Ireland nìkan ni wọ́n kọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà ò dúró lójú kan: ẹni ọdún 38 ni ní 1900, ó sì di ẹni 50 ní 1910. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó fi ọdún méjìlá dàgbà! Ìwé tó fi di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1888 ò sọ ju pé òun ò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria mọ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń pa àwọn awakùsà ló pa á ní 1913. Ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ ní Michael ni bàbá rẹ̀, wọ́n wá kọ “a ò mọ̀” sí ibi orúkọ ìyá. Ìyẹn dùn mí wọra. Bàbá tó bí ọmọ méje, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ìyá tó bí i.

Ìyá ọkọ mi ti pé ẹni ọdún 83, orí wọn ṣì pé dáadáa. Wọ́n ní ohun táwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá ọkọ tiwọn ni pé káúntì Cork (káúntì dà bí ìpínlẹ̀ tiwa) ni Jeremiah ti wá, pé ó ti ń wa kọ́pà nílé kó tó dé Butte, pé ó sì ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Abbie, tó lọ fẹ́ ará ilé Harrington. Wọ́n tún ní níbi ìwakùsà, “Roo” ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá, tí wọ́n sì tún ń pe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń pe kangaroo, bóyá torí pé wọ́n máa ń fò kiri. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ìyẹn, èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Àṣìṣe tí mo ti ṣe nìyí, kí ẹ má baà tún rán mi lọ síbẹ̀. Mo sanwó fún ìkànnì kan, mo rí igi ìdílé tí ẹnìkan ti tò sílẹ̀, tó ní Jeremiah Sullivan ọmọ Michael nínú, ará Skibbereen ní Cork. Mo dà á kọ. Mo pe ìyá ọkọ mi, a jọ sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Ó di oṣù kẹta kí n tó rí i pé Jeremiah ti Skibbereen yẹn ò kúrò ní Skibbereen rí. Ó wà nínú ìkànìyàn Írẹ́lándì ti 1901, òun, ìyàwó rẹ̀, àti ilé adìyẹ wọn. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ fojú wo ìyá arúgbó.

Ìbéèrè mi: ṣé lóòótọ́ ni pé gbogbo ìwé Írẹ́lándì ló jóná? Mo sì fẹ́ ra ohun àyẹ̀wò DNA fún ìyá ọkọ mi. Ṣé ó máa dárúkọ abúlé fún wa?

DépòNY

Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ìwé wọn ti jóná nígbà ogun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. DNA ni kẹ́ ẹ ṣe. Máàpù ló máa yọ jáde, tó máa kun àwọ̀ sí káúntì yín gan-an. Mo sì ti rí àmì ìdílé Sullivan tí wọ́n ń yà sára ife tíì, kìnnìún wà níbẹ̀. Ẹ ra ìyẹn fún àwọn ọmọ.

BàbáÌbejì_Cork

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Dépò, àbúrò mi, rọra.

Ìlú Cork ni mò ń gbé, ó ti lé lógún ọdún. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, àwọn ló sì kọ́ mi ní nǹkan yìí láìmọ̀. Ẹ lọ jókòó ti bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ní West Cork, kẹ́ ẹ dárúkọ ìdílé kan. Kò ní bi yín pé “Ta ni?” Ohun tó máa bi yín ni “Èwo nínú wọn?” Bẹ́ ẹ bá dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń dá, á ka ìran mẹ́rin sílẹ̀ láìmí. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ilẹ̀, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti iná kúrò nílẹ̀ ná. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí nínú ọgbà Four Courts ní Dublin bú gbàmù, iná sì jó o. Ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 bá a lọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru iná. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n run wọ́n. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n láti fi ṣe pépà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ti 1901 àti 1911 ló wà lódindi, ọ̀fẹ́ sì ni lórí ìkànnì National Archives wọn. Ṣùgbọ́n babańlá yín ti dé Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹni tó bá jọ ọ́ níbẹ̀ kì í ṣe òun, ilé adìyẹ ti sọ ìyẹn fún yín.

Ìwé ìsàmì ìjọ Àgùdà ò jóná, ọ̀dọ̀ àwọn fadá ló wà. National Library ti gbé àwòrán wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015. Ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fún gbogbo ènìyàn lóṣù kìíní 1864 náà wà digbí. Ẹ wọ IrishGenealogy.ie, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé owó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Griffith's Valuation, tí wọ́n fi ọdún 1847 sí 1864 kọ: ó dárúkọ ẹni tó ń dá ilẹ̀ àti ẹni tó ni ilẹ̀, abúlé dé abúlé.

Abúlé yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Townland ni wọ́n ń pè é. Ó lé ní 60,000 lórí erékùṣù yẹn, òmíràn ò ju oko mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ lẹ ó ti gba páríìṣì kọjá kẹ́ ẹ tó kan káúntì. Ẹni tó bá ní “Sullivan, Cork” dà bí ẹni tó dúró sáàárín ọjà tó ń pe Ìyá Ìbejì: ogún obìnrin ló máa yíjú.

Ẹ má sì rò pé Írẹ́lándì lẹ ti máa rí orúkọ abúlé náà. Amẹ́ríkà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá òkun nígbà tí wọn ò tíì tú ilé ara wọn wò tán. Jeremiah ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ fi í sílẹ̀, Abbie ni kẹ́ ẹ máa wá. Ìkéde òkú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta ibojì rẹ̀. Akọ̀wé ìkànìyàn ò bìkítà ju Ireland lọ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kú sí àjò, ará ilé á fẹ́ kí ará abúlé gbọ́, wọ́n á dárúkọ páríìṣì. Butte-Silver Bow Public Archives wà nílùú ọkọ yín, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ wo Chronicling America ti Library of Congress náà, ìwé ìròyìn àtijọ́ kún ibẹ̀. Ẹ sì padà wo ìwé ẹ̀rí ikú yẹn: ta ló fẹnu sọ ohun tí wọ́n kọ? Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ta pósí ni, ibo ló ti fẹ́ mọ ìyá olóògbé?

Mo rí ohun kan nínú àlàyé yín tí ẹ̀yin fúnra yín ò rí. Jeremiah yẹn kì í ṣe Jeremáyà inú Bíbélì lásán. Ní Cork àti ní Kerry, káúntì tó múlé tì í, òun ni wọ́n fi ń dípò Diarmuid nígbà tí akọ̀wé bá fẹ́ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Abbie náà, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ Gobnait, orúkọ ẹni mímọ́ obìnrin kan ní Ballyvourney, níbí ní Cork, tí wọ́n ní ó rán oyin sí àwọn tó wá jí màlúù kó. Wọ́n á kọ ọ́ ní Abigail, wọ́n á tún kọ ọ́ ní Deborah. Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta.

Kọ́pà ló wá bá mi parí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wa kọ́pà ní Írẹ́lándì ò pọ̀. Bunmahon wà ní Waterford, Avoca wà ní Wicklow. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Cork ni Allihies, lórí ilẹ̀ Beara tó yọ gọngọ sínú òkun. Àwọn Puxley tó ni ilẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1812. Nígbà tí iṣẹ́ ibẹ̀ ń kú lọ, títí tó fi dáwọ́ dúró láàárín àwọn ọdún 1880, àwọn awakùsà gbé irinṣẹ́ wọn, wọ́n tẹ̀lé kọ́pà dé Butte. Sullivan àti Harrington kún Beara, wọ́n sì kún Butte. Bí mo bá ń ta tẹ́tẹ́ ni, Allihies ni màá ta á sí. Àmọ́ ẹ má gbà á lẹ́nu mi o, ẹ wá ìwé tó sọ ọ́.

Ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà. Káúntì Cork ni Allihies wà, ṣùgbọ́n abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Kerry ni ìjọ ibẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìsàmì rẹ̀ lábẹ́ Cork á wá a tì. Oṣù méjì ni mo fi ṣòfò níbẹ̀ nígbà tí mò ń bá bàbá kan wá tirẹ̀.

Ó ku DNA. Ìyá wa, ẹ dá owó yín dúró. Ìyá ọkọ yín ò bá Sullivan tan! Wọ́n fẹ́ wọn wọlé ni, bíi tiyín. Itọ́ wọn á sọ ti bàbá tiwọn, kò mọ Jeremiah rí. Ọmọ bíbí ilé tó dàgbà jù ni kẹ́ ẹ wá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ọkọ yín, bí ọ̀kan bá ṣì wà láyé, torí bí ìran bá ṣe ń jìnnà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fọ́. Máàpù aláwọ̀ tí Dépò ń sọ yẹn ò lè dárúkọ abúlé fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiyín mu ló wúlò. Ẹ wo orúkọ wọn, kẹ́ ẹ béèrè ibi tí babańlá tiwọn ti wá.

ÀǹtíRónkẹ́_Dorchester

Bàbá Ìbejì ti sọ ọ́ tán, ẹnu mi ò ní gùn. Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọ Àgùdà kan ní Boston fún ọdún mẹ́rìnlá, àwọn ọmọ Írẹ́lándì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá béèrè ìwé.

Ìyàwó wa, má fi kọ̀ǹpútà nìkan wá a. Ẹni tó tẹ orúkọ sínú rẹ̀ ti lè ṣì í kà, ọwọ́ àwọn fadá ìgbà yẹn dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí eruku, èdè Látìn sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ ọ́. Ṣí ojú ìwé gan-an, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wo bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì, wọn kì í pe àlejò. Bó o bá rí Harrington níbẹ̀, o ò jìnnà mọ́.

Èkejì: àwọn náà ní ètò ìsọmọlórúkọ. Ọmọkùnrin àkọ́bí á jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì á jẹ́ ti bàbá ìyá. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́, ìyá ìyá. Èkejì, ìyá bàbá. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ débi pé ó máa ń ràn wá lọ́wọ́. Babátúndé tiwọn nìyẹn, kìkì pé wọn kì í dúró kí bàbá kú.

Bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí tó jẹ́ pé ìgbà ìyàn ni tiẹ̀ wá, lẹ́yìn 1845 tí pòtétò jẹrà lóko, wo ìkéde “Missing Friends” inú ìwé ìròyìn Boston Pilot. Láti 1831 títí dé 1921 ni wọ́n fi ń gbé e jáde: ìyàwó ń wá ọkọ, ẹ̀gbọ́n ń wá àbúrò, wọ́n á sì dárúkọ páríìṣì.

Dépò, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Sullivan. Ife tíì lo rà, o ò ra babańlá.

DépòNY

Àǹtí, mo ti gbọ́. Ife náà dáa ṣá.

ÌyàwóSullivan

Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Ẹ bá mi gbé igbá ijó! Rárá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wo ìwé ẹ̀rí ikú. Oníṣẹ́ pósí ló fẹnu sọ ọ́ lóòótọ́! Mo kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí ní Butte. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹnìkan níbẹ̀ fèsì, ó sì fi ìkéde òkú Abbie ránṣẹ́, ti 1938. Kò ju ìlà mọ́kànlá lọ. Ìlà kẹrin ní ọmọ bíbí Allihies ni, ní káúntì Cork. Ìlà kẹjọ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jeremiah ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Bàbá Ìbejì, ẹ ò bá ti ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Mo bọ́ sínú ìwé ìsàmì, lábẹ́ Kerry. Jeremiah Sullivan tí mo kà láàárín 1855 sí 1865 lé lógún, mẹ́ta nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Michael. Ọ̀rọ̀ sú mi. Mo pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń fọ abọ́ tí mo rántí pé Abbie lẹ ní kí n máa wá. Mo wá Abigail, kò sí. Gobnait, kò sí. Deborah, òun rèé! 1866, bàbá rẹ̀ ni Michael Sullivan, ìyá rẹ̀ ni Honora Lowney. Nínú àwọn Michael mẹ́ta yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́ Honora Lowney. Jeremiah ni àkọ́bí wọn, wọ́n ṣe ìsàmì fún un ní 1859. Bàbá yìí ti yọ ọdún mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ fún akọ̀wé ìkànìyàn. Àǹtí Rónkẹ́, Harrington ni ìyá ìsàmì rẹ̀.

Jeremiah ò sí nínú ìwé ìbí ti ìjọba, wọ́n ti bí i kó tó di 1864. Ṣùgbọ́n Abbie wà níbẹ̀. Ìwé tirẹ̀ ló wá dárúkọ townland fún wa, ó sì ní awakùsà ni bàbá wọn. Ìyá ló lọ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Kò mọ̀wé, X ló fà sí ibi ìfọwọ́síwèé. Mo wo X yẹn títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Ẹni tí wọ́n kọ “a ò mọ̀” sí ipò rẹ̀ ní Butte rèé, ọwọ́ rẹ̀ rèé. Honora. Mo pe orúkọ náà sókè nínú ilé ìdáná.

Mi ò ní kọ orúkọ abúlé náà síbí. Àwọn ẹbí lè ṣì wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí àlejò kan ilẹ̀kùn wọn kí àwa tó kàn án.

Ibi tí mo há sí nìyí. Mo ṣí Griffith's Valuation ti abúlé náà, ti nǹkan bí ọdún 1852. Kò sí Michael. Sullivan mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ àwọn kan nínú wọn. Ọ̀kan ni Darby Sullivan, tí wọ́n kọ Roe sínú àkámọ́ lẹ́yìn tirẹ̀. Ta ni Darby? Kí ni Roe? Ṣé orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni?

BàbáÌbejì_Cork

Ìyá wa, ṣé ẹ ti jókòó?

Darby, Diarmuid náà ni. Ìyẹn ni pé Jeremiah náà ni. Ọmọkùnrin àkọ́bí á jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, Àǹtí Rónkẹ́ ti sọ ọ́ lókè.

Roe kì í ṣe orúkọ ìdílé. Àlàjẹ́ ni. Sullivan pọ̀ ní Beara débi pé orúkọ náà ò dá ẹnikẹ́ni yàtọ̀ mọ́, kálukú ní láti fi nǹkan mọ́ ọn. Akọ̀wé Griffith gan-an ní láti kọ ọ́ sínú àkámọ́ kó tó mọ ẹni tó máa san owó orí. Àwọn kan ni Bán, àwọn tí irun wọn funfun. Àwọn kan ni Rua, àwọn onírun pupa, òun ni wọ́n ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ní Roe. Ó lè jẹ́ babańlá kan ṣoṣo ló ní irun pupa láyé àtijọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúdú nírun bíi kóró iṣin, Rua ni wọ́n á máa jẹ́ lọ. Àwọn arúgbó mi níbí ṣì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà ní oríkì lẹ̀ ń wá.

Ẹ pe Rua sókè: Rú-à. Kẹ́ ẹ wá tún ka ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ síbí, níbi tí ìyá ọkọ yín ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ijó. X tí ẹ rí yẹn, kì í ṣe ọwọ́ Honora fúnra rẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀dà tí akọ̀wé dà kọ ránṣẹ́ sí Dublin ló wà lórí ìkànnì. Inú ìwé àkọ́kọ́ tó kù sí abẹ́lé ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Èkejì, Darby yìí jọ bàbá Michael, kò sì tíì di bàbá Michael. Ìwé ìtúnyẹ̀wò tó tẹ̀lé Griffith wà ní Dublin, wọ́n máa ń fi ínkì aláwọ̀ mìíràn pa orúkọ ẹni àná rẹ́, kí wọ́n kọ ẹni tuntun sókè rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Ẹ béèrè ti abúlé yẹn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n pa Darby rẹ́ tí wọ́n kọ Michael sórí ilẹ̀ kan náà, nígbà náà ni kẹ́ ẹ pè mí sí ijó.

ÌyàwóSullivan

Ẹ dúró ná.

Roo.

Mo ti pe ìyá ọkọ mi. Mo ṣàlàyé, wọn ò fèsì, mo rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní: “Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń rò pé kangaroo ni.” Wọ́n ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Wọ́n ní bàbá ọkọ wọn, irun rẹ̀ dúdú kirikiri.

Mo ti kọ̀wé sí Dublin láti béèrè ìwé ìtúnyẹ̀wò náà. Mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ pé Darby ni, Skibbereen ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó kù ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá ọkọ mi kan ní Spokane, ẹni ọdún 94, ọmọ bíbí ilé. Ó ti tutọ́ sínú ìgò àyẹ̀wò lánàá. Ọkọ mi ní ó gbà tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó kún, ìyá náà sì ń bínú pé kò sẹ́ni tó jẹ́ kóun mu tíì.